Gẹ́èjì onínọ́ńbà fún yíyẹ pitch pùròpẹ́là wò: ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Gẹ́èjì yìí jẹ́ àpótí kékeré kan tí àwọn káfíńtà fi ń yẹ ayùn iná wò. Kò ju nǹkan bí ìnṣì méjì ààbọ̀ lọ, òòfà wà nídìí rẹ̀, bátìrì kéékèèké ló ń jẹ, nọ́ńbà dígírì bí ohun tó jókòó lé ṣe dà tó sì ń hàn lójú rẹ̀. Òun náà ti dé ọwọ́ àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n fi ń wo bóyá apá pùròpẹ́là dọ́gba. Lójú tiwa, owó rẹ̀ kò ṣòfò, nítorí kò tó owó pùròpẹ́là alumíníọ̀mù tuntun kan ṣoṣo. Àmọ́ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí ó fi ìyàtọ̀ apá kan sí èkejì hàn. Ẹni tó bá ń retí kí ó sọ fún òun pé “pitch 15 géérégé nìyí” yóò bá a jà láìpẹ́.

Fún ẹni tí kò tíì mọ̀, ẹ wo ìdí pùròpẹ́là dáadáa, ẹ óò rí nọ́ńbà bíi 13 x 15 tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Èyí àkọ́kọ́ ni ìbú róbótó tí ṣóńṣó àwọn apá rẹ̀ ń fà bó bá ń yí. Èkejì ni pitch, ìyẹn iye ìnṣì tí ì bá fi lọ síwájú ní yíyí kan ká ní sukúrúù ni, tó ń wọ inú pákó. Omi kì í ṣe pákó, nítorí náà ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn yẹn máa ń ṣègbé lára ọkọ̀ tó ń sáré lórí omi. Bí pitch bá ga ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ, ẹ́ńjìnnì á máa kérora, kò ní dé RPM (iye yíyí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan) tí ìwé rẹ̀ sọ, èéfín á pọ̀, epo á sì máa lọ. Bó bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á sáré kọjá ààlà nígbà tí ọkọ̀ kò lọ tó bẹ́ẹ̀. Ìnṣì pitch kan máa ń yí RPM padà ní nǹkan bí 150 sí 200. Bí ó bá sì jẹ́ apá kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú mẹ́ta, gbígbọ̀n ni yóò fi sọ fún yín, bíárìn àti síìlì inú gíà ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ìdí tí nǹkan báyìí fi wúlò lọ́dọ̀ wa kò jìnnà. Kùkùté igi wà lábẹ́ omi, okùn àwọ̀n ń ká mọ́ ṣáàfù, ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn ní ìhà Ìkòròdú sì ń fá ṣóńṣó apá títí yóò fi tín-ín-rín bí etí abẹ. Apá tó bá lu igi lè tẹ̀ ní dígírì méjì péré. Ojú lásán kò ní rí i. Onítọ̀hún á gbé e lọ fún wẹ́dà, wẹ́dà á fi òòlù nà án lórí irin, á gbé e sókè, á dijú kan wò ó, á ní ó ti tọ́. Dígírì méjì yẹn, lórí pùròpẹ́là 13 x 15, jẹ́ ìnṣì kan àti díẹ̀ sí i. Ibi tí gẹ́èjì ti ń sanwó ara rẹ̀ nìyẹn: lójú wẹ́dà, kí ẹ tó san owó iṣẹ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́. Wọ́n á kọ 0.05 tàbí 0.1, ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó kéré jù tí ojú rẹ̀ lè fi hàn, kì í ṣe bí òótọ́ rẹ̀ ṣe tó. Àṣìṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn wà láàárín 0.1 sí 0.2 dígírì. Ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ gbé e lé gíláàsì tàbí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ tẹ bọ́tìnnì òdo (tó ń sọ ibi tó wà di 0), ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró: 90.0 ló yẹ kí ẹ rí, 89.9 tàbí 90.1 kò burú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lé ohun tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, ẹ ka nọ́ńbà, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún gbé e padà síbi kan náà, ẹ ṣe é léraléra. Èyí tó bá ń sọ 27.6 lẹ́ẹ̀kan, tó tún ń sọ 28.1 nígbà mìíràn, ẹ dá a padà fún wọn. Ká tiẹ̀ ní ó ń purọ́ díẹ̀, bí irọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo ìgbà, ó ṣì wúlò fún wíwo ìyàtọ̀. Aláyídà ni kò wúlò.

Òòfà ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo kò ní ràn yín lọ́wọ́ lára pùròpẹ́là fúnra rẹ̀. Òòfà kì í mú alumíníọ̀mù, kì í mú idẹ. Ti sténlẹ́ẹ̀sì, òmíràn ń mú un, òmíràn kì í mú un. Yàtọ̀ sí èyí, ojú apá kò tẹ́jú, ó tẹ̀ kọdọrọ, ìdí àpótí náà sì tẹ́jú. Bí ẹ bá gbé e lé e lásán, á máa mì síwá sẹ́yìn lórí ibi tó yọ jù, nọ́ńbà tí ẹ bá rí kò ní jẹ́ ti ohunkóhun. Ẹ̀dùn ọkàn ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á nìyí, wọ́n á ní gẹ́èjì kò dáa. Gẹ́èjì dáa. Ẹsẹ̀ ni kò ní.

Ẹ ṣe ẹsẹ̀ fún un. Ẹ gé irin pẹlẹbẹ tó gùn tó ìnṣì mẹ́ta, tó fẹ̀ tó kí ìdí gẹ́èjì lè jókòó lé e. Ẹ lu ihò méjì sí i, kí àárín wọn jẹ́ ìnṣì méjì, kí ẹ fi bóòtù kékeré kọ̀ọ̀kan sínú wọn láti abẹ́, kí ẹ sì fi fáìlì yí orí bóòtù náà róbótó. Irin gidi ni kí ó jẹ́, kí òòfà lè dì í mú. Báyìí, ojú méjì péré ni yóò máa fara kan apá, ohun tó bá wà láàárín wọn, ì báà yọ, ì báà jin, kò kàn wá. Bí ẹsẹ̀ kan bá fi irun orí gùn ju èkejì lọ, kò burú, bí ẹ bá ti gbé irin àti gẹ́èjì pọ̀ lé pèpéle títẹ́jú tí ẹ sì tẹ òdo níbẹ̀. Àṣìṣe ẹsẹ̀ ti wọ inú òdo yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó wà ní iwájú nígbà tí ẹ tẹ òdo gbọ́dọ̀ wà ní iwájú títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ fi ọ̀dà kun ọ̀kan.

Pèpéle náà ńkọ́? Gíláàsì nípọn tàbí irin tí wọ́n ti lọ̀ lójú títí ó fi tẹ́jú ló dára. Ẹ wá ṣáàfù pùròpẹ́là àlòkù irú ẹ́ńjìnnì yín, kò wọ́n nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ti kú, kí ẹ jó o dúró ṣánṣán sórí irin náà. Ibẹ̀ ni ẹ óò fi pùròpẹ́là kọ́ sí, kí iwájú ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sókè, nítorí ojú tó ń ti omi sẹ́yìn ni à ń wọ̀n pitch lára rẹ̀, kì í ṣe ojú kejì. Ẹ fi wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè é bó ṣe máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì, kí rọ́bà inú rẹ̀ má baà jẹ́ kí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn kan máa ń gbé pùròpẹ́là lé ilẹ̀ lásán láìsí ṣáàfù. Bí etí ìdí rẹ̀ bá ti jẹ níbì kan, gbogbo ohun tí wọ́n bá wọ̀n á wọ́.

Ẹ fi máákà kọ 1, 2, 3 sára apá. Ẹ wọn láti àárín ṣáàfù dé ṣóńṣó apá, ẹ mú ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀. Fún pùròpẹ́là oní-ìnṣì 13, láti àárín dé ṣóńṣó jẹ́ 6.5, ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ 4.55. Ẹ fi okùn tàbí kọ́ńpáàsì fa ìlà róbótó níbẹ̀ lára apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ wá sàmì sí ojú méjì tí ẹsẹ̀ irin yóò dúró lé, kí wọ́n jìnnà bákan náà sí etí tó ń kọ́kọ́ gé omi lára apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ojú díwọ̀n níbí o. Bí ẹ bá fi ààbọ̀ ìnṣì péré jáde sí ìta, pùròpẹ́là tí pitch rẹ̀ jẹ́ 15 yóò fi nǹkan bí 25.3 dígírì hàn dípò 27.7, ẹ óò sì máa ṣírò rẹ̀ sí 13 ààbọ̀. Kò sí gẹ́èjì tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Ohun tó kù ni èyí tí a rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Ẹ má máa gbé gẹ́èjì yí pùròpẹ́là ká. Ẹ jókòó síbì kan, kí irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì yín kọjú sí ibì kan náà tó kọjú sí nígbà tí ẹ tẹ òdo, kí ẹ wá máa yí pùròpẹ́là bọ̀ wá bá a. Ìdí ni pé pèpéle kì í tẹ́jú tán, pàápàá lórí ilẹ̀ etí omi tó jẹ́ yanrìn. Bí ó bá dà sí ìhà ọ̀sà ní dígírì kan, òdo tí ẹ tẹ̀ níhà yìí yóò di irọ́ níhà kejì. Irin náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìlà róbótó yẹn, kí ó má dà sí ìdí tàbí sí ṣóńṣó apá, nítorí apá ọ̀pọ̀ pùròpẹ́là tún tẹ̀ sẹ́yìn láti ìdí dé ṣóńṣó, ìtẹ̀sẹ́yìn yẹn á sì yọ́ wọ inú nọ́ńbà yín. Ẹ fi àtàńpàkò di irin mú kí ó má yọ̀, ẹ dúró kí nọ́ńbà jókòó, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín.

Láti sọ dígírì di ìnṣì, ẹ ṣí kákúlétọ̀ fóònù yín. Ẹ sọ 4.55 di ìlọ́po méjì, ẹ fi 3.1416 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ óò rí 28.6. Ẹ fi bọ́tìnnì tí wọ́n kọ “tan” (tangent) sí wá tan dígírì tí ẹ kà, ẹ fi ohun tó bá jáde sọ 28.6 yẹn di púpọ̀. Fún ìbú ìnṣì 13, pitch 13 yóò wà ní nǹkan bí 24.5 dígírì, 15 ní 27.7, 17 ní 30.7, 19 ní 33.6. Dígírì kan, níbi 15, jẹ́ nǹkan bí 0.64 ìnṣì. Ká sọ pé apá 1 kà 27.6, apá 2 kà 27.8, apá 3 kà 26.4. Apá 1 àti 2 sún mọ́ 15, apá 3 jẹ́ 14.2. Ọ̀rọ̀ ti yé yín: apá 3 ni kí wẹ́dà padà sí, kí ó má ṣe fọwọ́ kan àwọn ìyókù. Ní tiwa, bí ìyàtọ̀ kò bá ju 0.3 dígírì lọ, a ó gbé e padà sára ẹ́ńjìnnì. Tó bá tó 0.5, ọkọ̀ ẹrù onígi lè fara dà á. Tó bá ti lé ní dígírì kan, kò sí àríyànjiyàn, kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí ẹ ra òmíràn. Alumíníọ̀mù tí wọ́n bá sì ti nà lọ nà bọ̀ máa ń la níbi tó ti so mọ́ ìdí, nítorí náà ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó yọ̀ sí nọ́ńbà tó dọ́gba.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ má gbára lé ìnṣì tó bá bọ́ síta ni pé pitch ọ̀pọ̀ pùròpẹ́là òde òní kì í ṣe ọ̀kan náà láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, á sì máa ga sí i. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ tí wọ́n pín. Ibi tí ẹsẹ̀ irin yín bá bọ́ sí ni ẹ óò rí, ó sì lè fi ìnṣì kan yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe pùròpẹ́là náà. Bí ẹ bá ní tuntun tó jẹ́ irú kan náà, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ dígírì rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára.

Àwọn nǹkan kan wà tí gẹ́èjì kò ní rí rárá. Ètè kékeré tó ká sí ìhà ẹ̀yìn ọkọ̀ ní etí ẹ̀yìn apá jẹ́ ọ̀kan. Wẹ́dà tó bá fi fáìlì fá a tán nítorí pé ó rí bí etí tó ti tẹ̀, ti ba iṣẹ́ jẹ́: pùròpẹ́là kò ní di omi mú mọ́, RPM á fò sókè nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí, nọ́ńbà dígírì kò sì ní yàtọ̀. Rọ́bà inú ìdí, tó so idẹ inú mọ́ ìdí tó wà níta, ni èkejì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké, tí ọkọ̀ kò lọ, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi jẹ́jẹ́ lọ ó ń lọ, ẹ má dá pitch lẹ́bi. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan ṣoṣo láti ara idẹ inú dé ara ìdí tó wà níta, ẹ gbé ọkọ̀ jáde fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ padà wò ó. Bí ìlà méjèèjì kò bá kọjú síra wọn mọ́, rọ́bà ti ń yọ̀. Ìwúwo apá ni ẹ̀kẹta, gẹ́èjì kò lè wọ̀n ọ́n: apá tí wọ́n fi irin jó lé lè ní dígírì tó dọ́gba, kí ó wúwo ju àwọn ìyókù lọ, kí ó sì máa gbọ̀n síbẹ̀.

Àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú kéékèèké ń lo irú gẹ́èjì yìí, àwọn gan-an ló sì ń fi ojú tó le wò ó. Pùròpẹ́là tí wọ́n lè tún pitch rẹ̀ ṣe nílẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí jù. Níbẹ̀, pùròpẹ́là kì í kúrò lára ẹ́ńjìnnì: iná ẹ́ńjìnnì á wà ní pípa, kọ́kọ́rọ́ á kúrò, wọ́n á dí táyà, wọ́n á sì máa ṣe bí ẹni pé ó ṣì lè tan nígbàkugbà. Wọ́n á tẹ òdo sára ojú ìdí tí pùròpẹ́là dè mọ́, wọ́n á mú apá kọ̀ọ̀kan wá sí ipò kan náà, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n ní ìjìnnà tí ìwé ẹni tó ṣe pùròpẹ́là sọ. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti tẹ òdo títí dé apá tó kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fara ti ọkọ̀ náà, torí pé ó ń dà pẹ̀lú ìwúwo ènìyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é tán, wọ́n á tún un wọ̀n, nítorí dídè máa ń yí apá. Ẹ́ńjìnnì ló ń sọ̀rọ̀ ìkẹyìn: Rotax 912, fún àpẹẹrẹ, kò gbọ́dọ̀ lo 5,800 RPM ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, 5,500 ni òpin fún ìrìn gígùn. Pitch tó kéré jù á tì í kọjá ibẹ̀, èyí tó ga jù kò ní jẹ́ kí ó rí agbára tí yóò fi gbéra. Mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi kò gbọ́dọ̀ tìtorí pé ó ní gẹ́èjì lọ fọwọ́ kan ti òfúrufú. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó ní ìwé àṣẹ ló ni iṣẹ́ yẹn, NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà, ló sì ń fúnni ní ìwé náà.

Ṣé fóònù kò lè ṣe é? Áàpù wà fún un, ó sì dára fún wíwo bóyá tábìlì tẹ́jú. Ẹ̀yìn fóònù kì í tẹ́jú nítorí kámẹ́rà, ó gùn jù fún apá kékeré, ọwọ́ tó ní ọ̀rá gíà kò sì yẹ kí ó máa fọwọ́ tọ́ ọ.

Ní ti bó ṣe ń pẹ́ tó, atẹ́gùn ọ̀sà ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè gba omi sára. Ilé bátìrì á hu nǹkan aláwọ̀ ewé, ojú rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, òdo á sì máa rìn. Ní ìhà Ìkòròdú àti Àgbádárìgì tí iyọ̀ pọ̀ sí i nínú omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn á yá ju ti Ẹ̀pẹ́ lọ. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀ bí ẹ kò bá lò ó. Ẹ má fi í sínú oòrùn kí ẹ tó lò ó, nítorí ooru máa ń sún nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tutù tó ibi tí pùròpẹ́là wà, kí ẹ tó tẹ òdo. Òmíràn máa ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tó bá sì tún tàn, òdo yín ti lọ, nítorí náà apá 1 ni kí ẹ tún padà wọ̀n níkẹyìn láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbi tó wà. Òòfà ìdí rẹ̀ máa ń fa ìyẹ̀fun irin látara ẹ̀rọ ìlọrin wẹ́dà. Ìyẹ̀fun tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ti tó láti fi 0.1 dígírì kún un. Àkísà kì í mú un kúrò. Sẹ́lótéèpù ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fà á ya.